Ibòji Tó Kù Lórí Omi

Mo ti fọ aṣọ dé ìdajì kí n tó rántí pé igi tí mo jókòó sábẹ́ ibòji rẹ̀ kò sí mọ́.

Ara mi tutù pẹ̀sẹ̀, bó ṣe máa ń tutù lọ́sàn-án gbogbo. Lókè odò àti nísàlẹ̀ odò, oòrùn ń ta yanran lórí omi, ṣùgbọ́n ibòji bo ibi tí mo wà, òjìji ewé sì ń mì lórí aṣọ ibùsùn funfun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè. Ojú sánmà lásán ni mo rí. Kò sí ẹ̀ka, kò sí ewé kan ṣoṣo. Ní òdìkejì odò, kùkùté igi ọ̀gànwó náà wà níbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣì pupa, ó ṣì ń ṣomi. Àbúrò mi ló gé e lánàá.

Mo tún wo omi. Òjìji igi náà nà gbalaja lórí ìbú, láti ìdí kùkùté títí dé orúnkún mi, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ẹyẹ kan fò wá, ó fẹ́ bà sórí ẹ̀ka tí kò sí, ó já wálẹ̀ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kó tó rántí ìyẹ́ rẹ̀. Mo kó aṣọ mi tútù bẹ́ẹ̀, mo gbé báàfù rù, mo gba ilé lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín.

Odò wa kì í ṣe odò tí ẹnikẹ́ni ń fi yangàn. Inú igbó ló ti ń yọ́ bọ̀, níbi tó sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ewúrẹ́ lè fò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ń jẹ lára rẹ̀, olúkúlùkù ló sì mọ ibi tirẹ̀. Àwọn tó ń pọn omi mímu wà lókè, níbi àpáta. Àwọn tó ń wẹ̀ wà nísàlẹ̀ wọn. Èmi alágbàfọ̀, tí mò ń fọ aṣọ ilé ìtura tó wà létí títì, ìsàlẹ̀ àwọn tó ń wẹ̀ ni mo wà. Àwọn tó ń hun àga àti apẹ̀rẹ̀ sì ń rẹ pankẹ́rẹ́ wọn nísàlẹ̀ mi, kó lè rọ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sílẹ̀. Àmọ́ lọ fọ ìtẹ́dìí ọmọ lókè àpáta, kó o gbọ́ ìtàn ìran bàbá rẹ lẹ́nu àwọn obìnrin.

Ìbú tí mò ń sọ yìí ni ọkàn odò náà, abẹ́ ọ̀gànwó ló sì wà. Omi ibẹ̀ tutù nítorí oòrùn kì í rí i lẹ́yìn ọ̀sán. Ewé tó ń já sínú rẹ̀ ń jẹrà, edé ń jẹ ẹ́, ẹja ń jẹ edé, Ìyá Onígèrè sì ń kó ẹja. Ìgèrè rẹ̀ ni àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu tóóró tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde. Àárín gbòǹgbò igi náà ló ń dẹ wọ́n sí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àrọ̀ ń yé ẹyin sí. Bí àkókò yíyé bá sì ti dé, á kó gbogbo ìgèrè sókè, á jókòó sílé, á máa wá gbogbo ayé níjà títí àwọn ọmọ ẹja á fi jáde.

Àwọn agégẹdú náà ní ìlànà tiwọn. Igi tó bá wà létí omi, wọn kì í gé e nígbà tí òjìji rẹ̀ bá wà lórí omi. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ ìsọkúsọ títí oòrùn á fi dé àtàrí, tí òjìji á fi fà padà sí ìdí igi. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa tan ẹ̀rọ. Bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, ó di ọ̀la nìyẹn. Èmi ti rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ lásán ni, bóyá nítorí afẹ́fẹ́, bóyá nítorí kí ìtànṣán orí omi má baà gún wọn lójú.

Àbúrò mi kò lè dúró de nǹkan kan. Kíákíá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Oṣù rẹ̀ kò tíì pé nínú ìyá wa tó fi jáde, ọ̀nà tó gbà wá sáyé yẹn ló sì ń gbà rìn títí tó fi dàgbà. Ìyá wa kú nígbà tó ṣì kéré, èmi ni mo tọ́ ọ, nítorí náà bí mo bá ń bú u, ẹ mọ̀ pé ọmọ mi ni mò ń bú. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ kó gẹdú pẹ́ lọ́nà. Nígbà tó máa dé, oòrùn ti rọ̀, awakọ̀ sì ń pariwo pé òjò ń bọ̀, òun kò ní jẹ́ kí ẹrẹ̀ mú táyà òun. Kíákíá gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi wà lódìkejì, òjìji igi náà sì wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Kíákíá! Òjìji ṣì wà lórí omi o!"

Ó fi ọwọ́ kan etí bíi pé ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kó gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó gbọ́. Mo mọ ẹ̀rín yẹn láti kékeré. Igi náà wó sẹ́yìn, sínú igbó, ilẹ̀ mì, ekuru bo gbogbo wa, ẹyẹ sì gba ojú ọ̀run kan. Nínú gbogbo ìyẹn, ta ló máa wo omi?

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo sá kúrò létí odò, mo rò pé kò ní sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀ mọ́. N kò mọ àwọn obìnrin wa tó. Nígbà tí mo padà lọ, gbogbo wọn ti gbé báàfù wọn sún mọ́ ibòji náà.

"Ìyá Alágbàfọ̀, kí ló ń bà yín lẹ́rù?" Ìyá Onígèrè ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òjìji ẹ̀ka. "Ibòji tí kì í já ewé sínú omi ọṣẹ wa. Kí la tún ń wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ilé ọ̀gá tó kọ́ àbúrò mi níṣẹ́ ni mo lọ.

Bàbá náà ti darúgbó, kì í jáde mọ́. Yàrá kan ló ń gbé, ayùn àtijọ́ mẹ́ta kọ́ sára ògiri, òórùn òróró ẹ̀rọ kò sì tíì kúrò lára kọ́tìnì. Ó ń gbọ́ rédíò. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó pa á.

"Òjìji wà lórí omi nígbà tó gé e?"

"Ó wà, Bàbá. Mo rí i."

"Kó má dé ibẹ̀ mọ́. Kó wá igi gé lórí ilẹ̀ tó gbẹ."

"Tó bá dé ibẹ̀ ńkọ́?"

"Má jẹ̀ẹ́ kó dúró lórí kùkùté yẹn." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́. "Ohunkóhun tó bá rí lójú omi, kó má gun orí kùkùté náà."

Ó tan rédíò padà. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, híhó lásán ló ń hó, àmọ́ bàbá náà tẹ́tí sí i bíi pé ìròyìn ló ń gbọ́. Mo dìde, mo kí i, mo lọ.

Kíákíá kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àgbà ti ń dé sí mi. Ṣùgbọ́n mo lọ bá ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin fún un, ìyàwó náà sì bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Ó lọ ń gé igi lórí òkè. Bó bá jẹ́ pé ibòji náà dúró bó ṣe wà ni, bóyá ìtàn mi ì bá parí síbí.

Ibòji náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ó ń ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ láfọ̀jù, láti etí wá sí àárín. Lọ́jọ́ kan o lè rí òkúta ìsàlẹ̀ omi gbangba níbi tó ti máa ń dúdú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́wọ́. Nǹkan àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí itọ́ bo àwọn òkúta, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ mi. Gbòǹgbò igi náà ń jẹrà nínú ilẹ̀, bèbè odò ń já lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi pọ́n. Àwọn lámilámi lọ. Àwọn akàn jáde kúrò nínú ihò wọn, wọ́n gba inú koríko lọ, n kò sì rí i kí wọ́n padà. Ẹja wá ń léfòó, wọ́n ń la ẹnu sí afẹ́fẹ́.

Àkókò yíyé ni, Ìyá Onígèrè kò tilẹ̀ dẹ ìgèrè kankan. Ó wọ inú omi lọ, ó fi ọwọ́ kó àwọn àrọ̀ tó ti kú, tí ẹyin ṣì wà nínú wọn, ó dà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló gbé e lọ. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo rò pé ó fẹ́ lọ jà. Obìnrin tó lè bú ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Kíákíá, mi ò bá ẹ jà. Mo kàn ní kó o rí wọn."

Ó yí padà, ó lọ. Àbúrò mi jókòó ti apẹ̀rẹ̀ yẹn pẹ́. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa ti di asán. Ó ṣe mí bíi kí n tì í mọ́lé. Ó dùn mí títí dòní pé ènìyàn kò lè ti àgbàlagbà mọ́lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo bá a lórí kùkùté náà. Ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibòji náà ti dúdú padà. Ó nà dé òdìkejì, ẹ̀ka àti ewé rẹ̀ pé, ó ń mì, atẹ́gùn tútù sì ń ti orí omi bọ̀ lù mí lójú. Mo rí àwọn ẹja tó ń léfòó tẹ́lẹ̀ tí wọ́n yí ìrù, tí wọ́n rì lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ rí i?" Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ẹ rí i? Wọ́n ti ń padà!"

Inú mi dùn. N kò ní purọ́, inú mi dùn kí ẹ̀rù tó bà mí.

Látìgbà náà ó ń lọ lójoojúmọ́. Ó pa iṣẹ́ tì. Àwọn obìnrin ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń rẹ pankẹ́rẹ́ ń kí i kú iṣẹ́, bíi pé ibi iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n gbà á sí. Èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú omi, omi náà pọ́n bí ìgbà tí wọ́n bá rẹ èèpo igi. Mo da omi nù, mo pọn òmíràn, ó tún pọ́n. Títí ọṣẹ mi fi tán, kò mọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn bí òógùn ènìyàn mọ́; ewé tútù ló ń rùn.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, kì í jẹun mọ́. Omi ló ń mu." Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Kì í sì dùbúlẹ̀. Tí mo bá ta jí, á dúró síbi fèrèsé. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó le."

Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo lọ sí odò tààrà. Mo wọ inú omi kọjá sí òdìkejì, mo dì í lọ́wọ́ mú.

"Sọ̀ kalẹ̀. Ṣé orí ẹ pé? Sọ̀ kalẹ̀ kíá!"

"Àǹtí mi, ẹ wo omi." Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè lórí kùkùté náà. Ìdajì ibòji sá lọ bí ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ kúrò lórí okùn, ẹja kan sì tàkìtì sókè nínú ìmọ́lẹ̀, inú rẹ̀ funfun. Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà. "Ẹ rí i?"

"Ìwọ kọ́ ni igi. O ní ìyàwó. O ní ọmọ ọwọ́."

"Mo mọ̀. Mo ń rò wọ́n." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó rọra ń ṣàn, kò sì nù ún. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo gé e. Ta lẹ fẹ́ kó wá dúró?"

Mo fà á, kò mì. Mo sunkún, mo gbá a létí, ohun tí n kò ṣe rí láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Ó ní kí n máa lọ, pé ọ̀sán kò ní pẹ́ lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò kánjú.

Òjò dé lálẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi kò sì padà wálé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá bàtà rọ́bà rẹ̀ lórí kùkùté, méjèèjì, wọ́n kọjú sí omi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú wọn, wọn kò ṣí. Mo yẹ abẹ́ wọn wò. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́, tó tín-ín-rín bí òwú, ti gba inú bàtà jáde wọ inú igi.

Àwọn ọkùnrin wọ odò, wọ́n wá a dé ìsàlẹ̀ ibi pankẹ́rẹ́, wọ́n sì fẹnu kò sí i pé omi ló gbé e lọ. N kò bá wọn jiyàn. Ibòji náà wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní àárín òjìji ìtí igi náà, mo rí ibi tó rí bí èjìká. Mo pè é. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ka orí omi mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ wọ inú igbó lókè, a wá ọmọ igi ọ̀gànwó tó hù fúnra rẹ̀, a wú u tòun tiyẹ̀pẹ̀, a gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté náà. Èrò wa ni pé bó bá dàgbà tó láti ní ibòji tirẹ̀, yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, òun á sì máa bọ̀ wálé. Mo lọ sọ fún bàbá onírédíò. Ó wò mí títí. "Ẹ gbìn ín," ló sọ, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí tó fi kú. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà, ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ.

Ọ̀gànwó kì í kánjú. A sọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, a bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn. Ìyàwó náà kò fẹ́ ọkọ mìíràn, àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn. Ọmọbìnrin náà dàgbà létí odò. Ó mọ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tó tutù. Bó bá ti ilé ìwé dé, á lọ jókòó nínú òjìji náà, á sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún un. Ẹja yé, wọ́n pa, wọ́n pọ̀. Ìyá Onígèrè kú, ọmọ rẹ̀ ń dẹ ìgèrè. Irun mi funfun. Igi náà ga jù mí, ó ga ju òrùlé lọ. Òjìji rẹ̀ kọ́kọ́ dà bí ìgbálẹ̀ lórí bèbè, ó kan omi, ó sì ń nà lọ́dọọdún títí tó fi bo ìbú dé òdìkejì.

Ìgbà yẹn la mọ̀ pé ó tó. A lọ ní ọ̀sán gangan, èmi, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ wọn tó ti di ọmọge. Mo ti fọ ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo ti lọ̀ ọ́, ìyàwó náà ká a sọ́wọ́. Ó ti kun àtíkè díẹ̀. Oòrùn gun àtàrí. Gbogbo ibòji tó wà lórí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà padà, ó ń wọ́ lọ sí ìdí igi tuntun náà, ó fara balẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó délé. Ìbú mọ́lẹ̀ kedere. A ń wo kùkùté.

Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Orí omi ló kù sí.

Òjìji kan ṣoṣo, tó tó ènìyàn. Orí, èjìká, apá méjì. Kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀ tó ni ín. Igi ti gba tirẹ̀ lọ, ohun tó sì jẹ́ ti àbúrò mi nìyẹn, ìyẹn nìkan. Ara rẹ̀ ti lọ látọjọ́ tó ti pẹ́, bóyá sínú igi, bóyá sínú ilẹ̀, a kò sì mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ pè é, ohùn rẹ̀ kò ju mímí lọ. Òjìji náà yí orí. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà sínú ẹrẹ̀.

Oòrùn ń jó o. Mo rí i bí etí rẹ̀ ṣe ń ṣá, ìka rẹ̀ kò yàtọ̀ síra mọ́. Bí a bá tún dúró díẹ̀ sí i, a ò ní rí nǹkan kan. Ìyàwó náà fẹ́ wọ inú omi, mo dì í mú, mo fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo wọ ibẹ̀ fúnra mi. Nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn, ẹ̀yìn mi ni ọmọ yìí ti kọ́ oorun sísùn. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ, mo ní, "Ó yá, gùn." Òtútù gba ìbàdí mi gòkè dé ọrùn. Mo gbéra nílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ènìyàn kì í ní òjìji, èmi ní ọ̀kan. A máa ń gbé àga kan kún tiwa nídìí tábìlì, fún un. Ìyàwó rẹ̀ máa ń bá ògiri sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá jókòó ti àtùpà, inú rẹ̀ sì ń dùn bí inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè dùn mọ. Ó wúwo. N kò mọ̀ pé òjìji ń wúwo. Ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, mi ò fọṣọ mọ́, dókítà ní egungun ni.

Ọmọbìnrin náà ń rí i. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ yín," ló máa ń sọ. "Bàbá mi ni."

Mo máa ń dá a lóhùn pé rárá, kó lọ fẹ́ ọkọ, kó lọ gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi náà, ní òru àti ní ọ̀sán: kó fi ọmọ yìí sílẹ̀, kó jẹ́ ká jọ lọ, èmi àti òun. Kì í dá mi lóhùn.

Lánàá, a jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sán, ọmọbìnrin náà ń fún mi ní omi. Mo wolẹ̀. Òjìji náà kò sí lẹ́sẹ̀ mi tán mọ́. Ó ti na apá kan kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì í mú ní gìgísẹ̀, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ òun tutù.